Marie Curie: Onímọ̀ ńlá tó gba láísẹ́ǹsì kó lè wa X-ray lọ sójú ogun

Ní oṣù Keje ọdún 1916, obìnrin ẹni ọdún 48 kan gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ní orílẹ̀-èdè Faransé. Ogun Àgbáyé Kìíní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì nígbà náà. Obìnrin yìí ti gba àmì ẹ̀yẹ Nobel lẹ́ẹ̀mejì, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn káàkiri ayé. Síbẹ̀, Nobel kì í ṣe láísẹ́ǹsì. Ó ní láti kọ́ṣẹ́ bíi gbogbo èèyàn, kí ó sì fi hàn pé òun kápá ọkọ̀, kí wọ́n tó fún un ní ìwé tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ ní London, Houston tàbí Toronto, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan tí kò bọ́ sí i, ìtàn Marie Curie yìí kàn yín. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ nílé ìwé pé òun ló ṣàwárí radium. Èyí tí kì í wọ́pọ̀ létí ni pé ó wakọ̀ lọ sí ìtòsí ojú ogun, pé ó máa ń pààrọ̀ táyà fúnra rẹ̀, àti pé ẹ̀rọ tó wà nínú ọkọ̀ náà ran àwọn dókítà lọ́wọ́ láti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ sójà là.

Ọmọ Warsaw tí yunifásítì kò gbà

Ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1867 ni wọ́n bí i ní ìlú Warsaw, ní Poland. Maria Skłodowska ni orúkọ rẹ̀ nílé. Abẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà ni Warsaw wà nígbà náà, yunifásítì ibẹ̀ kì í sì í gba obìnrin wọlé.

Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bronya, wá ṣe àdéhùn. Maria yóò máa ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nínú ilé àwọn olówó, yóò sì máa fi owó ránṣẹ́ kí Bronya lè kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Paris. Tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n bá ti múlẹ̀, yóò fa àbúrò lọ sọ́dọ̀. Ọmọ Yorùbá mọ irú àdéhùn yìí dáadáa, nítorí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ òbí wa gbà dé òkè òkun nìyẹn.

Ọdún 1891 ni Maria tó dé Paris. Ó gboyè nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1893, ó sì gbòmíràn nínú ìmọ̀ ìṣirò ní 1894. Lọ́dún 1895, ó fẹ́ Pierre Curie, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ físíìsì. Owó tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ ìgbéyàwó ni wọ́n fi ra kẹ̀kẹ́ méjì, orí kẹ̀kẹ́ yìí ni wọ́n sì wà tí wọ́n fi rin ìgbèríko Faransé ká.

Ní 1898, tọkọtaya náà kéde pé àwọn ti ṣàwárí polonium àti radium. Ní 1903, àwọn méjèèjì àti Henri Becquerel jọ gba àmì ẹ̀yẹ Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì. Àmọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 1906, nígbà tí òjò ń rọ̀, ọkọ̀ ẹrù tí ẹṣin ń fà pa Pierre ní òpópónà kan ní Paris. Marie di opó pẹ̀lú ọmọbìnrin méjì, Irène àti Ève. Ó gba ipò ọkọ rẹ̀ ní yunifásítì Sorbonne, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1911, ó tún gba Nobel, nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì.

Ogun dé, X-ray jìnnà

Oṣù Kẹjọ ọdún 1914 ni Jámánì kéde ogun lórí Faransé. Nígbà tí ọ̀tá ń sún mọ́ Paris, Marie kó radium tó fi ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo rẹ̀ kò ju gíráàmù kan lọ, sínú àpótí tí wọ́n fi òjé tẹ́ nínú. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ fi í pamọ́ sí Bordeaux, ó sì padà sí Paris. Ó ní kí wọ́n yọ́ àwọn àmì ẹ̀yẹ Nobel òun fún wúrà tó wà lára wọn, ṣùgbọ́n báńkì kọ̀ ọ́. Ó wá yá ìjọba ní owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ogun náà.

Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wo ohun tí òun mọ̀ tí sójà lè fi yè. Láti 1895 ni Wilhelm Röntgen ti ṣàwárí X-ray, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá sì ti ní ẹ̀rọ náà. Àmọ́ àárín ìlú ni àwọn ẹ̀rọ yìí wà, ọ̀nà jíjìn ni àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì wà. Kí wọ́n tó gbé ẹni tí ọta ìbọn wà lára rẹ̀ dé Paris, ọgbẹ́ ti lè jẹrà. Bí dókítà bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un níbi tó wà láìsí àwòrán, á kàn máa fi ọ̀bẹ wá ọta náà kiri inú ẹran ara ni. Ẹsẹ̀ tó ṣeé tọ́jú lè di èyí tí wọ́n gé dànù.

Ọ̀rọ̀ náà yé Marie. Bí aláìsàn kò bá lè dé ọ̀dọ̀ X-ray, X-ray ni yóò lọ bá aláìsàn.

Ọkọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Faransé kan gbé owó ọkọ̀ àkọ́kọ́ kalẹ̀. Marie tọ àwọn olówó lọ, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ̀ǹda ọkọ̀ wọn. Àjọ Àgbélébùú Pupa fi í ṣe ọ̀gá ẹ̀ka X-ray wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1914, ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ológun ní Creil, ní àríwá Paris. Irène, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ẹni ọdún 17, bá a lọ.

Bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti ṣàlàyé. Wọ́n so dáínámò mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Tí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn tí kò níná, dírẹ́bà á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, dáínámò á máa pèsè iná, wáyà gígùn á sì gbé iná náà wọ inú yàrá. Wọ́n á ta aṣọ dúdú bo fèrèsé kí yàrá lè ṣókùnkùn, wọ́n á to ẹ̀rọ X-ray sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di kí wọ́n máa gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà á rí ibi tí ọta ìbọn tàbí àfọ́kù bọ́ǹbù fara pamọ́ sí. Nígbà mìíràn, ojú ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ á bẹ̀rẹ̀. Àwọn sójà sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Petite Curie, ìyẹn Curie kékeré.

Ọkọ̀ yìí ń rìn lójú pópó, ó ń pèsè iná, ó sì ń ya àwòrán. Dírẹ́bà wà fún ti àkọ́kọ́ àti ìkejì, onímọ̀ X-ray wà fún ìkẹta. Ṣùgbọ́n bí dírẹ́bà kò bá sí, gbogbo rẹ̀ dúró pátápátá, ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ní abúlé kejì á sì máa retí. Ìdí nìyí tí Marie fi pinnu láti kọ́ ọkọ̀ wíwà.

Ìwé ẹ̀rí pé èèyàn kápá ọkọ̀

Láti 1899 ni òfin Faransé ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa mọ́tò láìní ìwé láti ọ̀dọ̀ aṣojú ìjọba ní ẹkùn rẹ̀. Wọn kò pè é ní ìwé ìyọ̀ǹda nígbà yẹn. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí pé èèyàn kápá ọkọ̀. Òfin náà tún ya alùpùpù tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kílò 150 sọ́tọ̀, ó ní ìwé tirẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tó kápá ọkọ̀ kan lè má kápá òmíràn.

Èrò yìí kan náà ló wà nínú láísẹ́ǹsì ológun títí di òní. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bi í wò. Ìpele B wà fún ọkọ̀ tí kò ju kílò 3,500 lọ, C1 wà fún èyí tó dé kílò 7,500, C sì wà fún ọkọ̀ tó tóbi ju ìyẹn lọ. Tí ó bá fẹ́ fa tírélà ńlá mọ́ ọn, ó di kó ní E. H ni ti àwọn ọkọ̀ onírin tó ń fi ṣéènì yí dípò táyà, irú èyí tí wọ́n fi ń jagun. Ní Amẹ́ríkà, irú ọkọ̀ tí sójà kọ̀ọ̀kan lè wà ni wọ́n ń kọ sórí káàdì rẹ̀. Kódà ẹni tí yóò tan jẹnẹrétọ̀ ológun gbọ́dọ̀ gba àṣẹ fún un.

Ẹ wá ronú kan Petite Curie, tó jẹ́ mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ nínú ara kan ṣoṣo. Ẹni tí yóò kápá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ méjèèjì. Marie mọ̀ ọ́n. Ìtàn tí ọmọ rẹ̀ Ève kọ sílẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ sọ pé ó máa ń fi ọwọ́ yí irin tí wọ́n fi ń sọ ẹ́ńjìnnì jí, ó ń pààrọ̀ táyà tó jò, ó sì ń fọ kábúrétọ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ tó fi ń ṣe iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì.

Ọ̀nà náà léwu. Lọ́dún 1915, kó tó gba láísẹ́ǹsì rárá, ọkọ̀ tí dírẹ́bà gbé e nínú rẹ̀ ṣubú sínú kòtò, àwọn àpótí ẹrù sì ya lù ú. Kò sọ fún ará ilé. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà.

Kò fi ìmọ̀ náà pamọ́

Ènìyàn kan kò lè wà níbi gbogbo. Láàárín ọdún 1916 sí 1918, Marie àti Irène kọ́ nǹkan bí 150 obìnrin ní iṣẹ́ X-ray. Àwọn kan nínú wọn kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ogun fi parí, Marie ti to ọkọ̀ X-ray bí 20, ó sì ti dá yàrá X-ray bí 200 sílẹ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn. Iye àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀nyí yẹ̀ wò ju mílíọ̀nù kan lọ.

Lẹ́yìn ogun, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ radium. Ní 1921, ó lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí Ààrẹ Harding ti fún un ní gíráàmù radium kan tí àwọn obìnrin ilẹ̀ náà dá owó rà.

Ohun tó san

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Marie kò wo ẹnu àáké, àáké sì jẹ. Ààbò tí àwọn oníṣẹ́ X-ray ní lákòókò ogun kò tó nǹkan, wọn kò sì tíì mọ bí ewu ìtànṣán ṣe pọ̀ tó. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1934, àrùn tí kì í jẹ́ kí ara pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun pa á ní ẹni ọdún 66. Irène, tí òun náà gba Nobel ní 1935 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, kú ní 1956. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa òun náà.

Ní 1995, ìjọba Faransé gbé òkú Marie àti Pierre lọ sí Panthéon ní Paris, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ẹni ńlá wọn sí. Àwọn onímọ̀ yẹ òkú Marie wò nígbà náà, radium tí wọ́n bá kò tó bí wọ́n ṣe rò. Èyí mú kí wọ́n sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ X-ray ìgbà ogun ló dá àrùn náà sílẹ̀. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ inú ọkọ̀ yẹn lè wà lára ohun tó pa á.

Ẹ̀yin tó wà ní Yúróòpù lè lọ wo Panthéon fúnra yín. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Curie, níbi tí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà, kò jìnnà síbẹ̀.

Marie Curie lè jókòó sí Paris kó máa pàṣẹ fún àwọn awakọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bú u. Ó yàn láti tún di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́mọ ọdún 48, nítorí pé ẹnì kan ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tí ọkọ̀ nìkan lè dé. Ẹni tó bá ń lọ fún ìdánwò ìwakọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó rántí rẹ̀. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.