Baba Tó Tún Jẹ́ Ọ̀gá Ọmọ Rẹ̀: Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther

Ẹni tó bá gba Bàríga kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé yóò rí àwọn baba tí wọ́n ń mú ọmọ wọn ọkùnrin lọ sí C.M.S. Grammar School. Baba mìíràn kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yóò tún ọrùn ẹ̀wù ọmọ náà ṣe, yóò kìlọ̀ fún un kí ó má ba orúkọ ilé wọn jẹ́, yóò sì kọ ẹ̀yìn sí i. Àjèjì tó bá ń wò wọ́n lè rò pé kò sí ìfẹ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwa tí a bí nílẹ̀ yìí mọ̀ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra. Ìyá ni í fi ẹnu kẹ́ ọmọ. Baba a máa le ojú, a sì máa fi ìfẹ́ tirẹ̀ pamọ́ sínú ìbáwí.

Kí ni ó wá ń ṣẹlẹ̀ bí baba bá dàgbà tán, tí ọmọ náà ti di géńdé, tí baba sì tún jẹ́ ọ̀gá ọmọ níbi iṣẹ́? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa rántí ẹbí kan tí ìtàn wọn so mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Bàríga náà gbọn-in gbọn-in. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1859 ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní Broad Street ní Èkó, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 6 péré. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn náà, ní 1959, ni wọ́n gbé e wá sí Bàríga. Ìyàwó Macaulay ni Abigail, ọmọ Samuel Àjàyí Crowther. Àwọn ni wọ́n bí Herbert Macaulay, olóṣèlú tí gbogbo Èkó mọ̀. Baba Abigail yìí àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọmọ nǹkan bí ọdún méjìlá ni nígbà tí ogun dé bá ìlú wọn ní 1821. Wọ́n kó o lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, wọ́n sì tú wọn ká. Láti ọjọ́ náà, Àjàyí kò tún fi ojú kan baba rẹ̀ mọ́ láéláé. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí, níbi tí ọkọ̀ ogun ojú omi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti kàwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, tí ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ C.M.S.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi orúkọ yìí, nítorí ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí Àjàyí gbé Asano níyàwó, ẹni tí ìrìbọmi sọ di Susan, wọ́n bí ọmọkùnrin mẹ́ta, Samuel, Josiah àti Dandeson, wọ́n sì bí obìnrin mẹ́ta pẹ̀lú. Ní 1844 tí wọ́n bí Dandeson, orúkọ akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, Dandeson Coates, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọmọkùnrin tí ogun gba ilé baba mọ́ lọ́wọ́ ti rí ilé mìíràn, orúkọ ilé náà ni ó sì fún ọmọ rẹ̀. Àwọn tó mọ bí ìtàn náà ṣe parí yóò rí i pé orúkọ yìí wúwo.

Àjàyí di àlùfáà ní 1843. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni ó sì ti rí Àfálà ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ó gbà á sọ́dọ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀, títí ìyá náà fi darúgbó kùjọ́kùjọ́, tí ó sì kú ní 1883. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ọmọ tí Crowther fúnra rẹ̀ jẹ́, kí ó wo ìyẹn. Òkété tó dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àfálà mu ọmú ọmọ tirẹ̀ tẹ́rùn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní Canterbury, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà tí yóò dé ipò náà. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S. nígbà náà, ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un gbòòrò: Odò Ọya láti òkè dé etí òkun. Ọdọọdún ni ó ń wọ ọkọ̀ lọ sókè odò. Ó ń dá ìjọ sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn olùkọ́, ó sì ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Baba tó wà lójú odò kì í sí nílé. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tó fún àjọṣe òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ le.

Ohun kejì ni ọ̀nà tí olúkúlùkù ọmọ yàn. Samuel, tí í ṣe dáwódú, kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣe é ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n òwò ni ó padà yí sí. Josiah náà di aṣojú ilé-iṣẹ́ oníṣòwò lójú Odò Ọya, ní ibi kan náà tí baba rẹ̀ ti ń wàásù. Nílẹ̀ Yorùbá, kò sí ohun ìtìjú nínú pé ọmọ àlùfáà ń ta ọjà. Crowther fúnra rẹ̀ gbà pé òwò tó mọ́ ni yóò pa òwò ẹrú run. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdíje àwọn oníṣòwò gbóná, àwọn tí kò fẹ́ràn bíṣọ́ọ̀bù dúdú rí ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n ní ọjà àwọn ọmọ àti ìwàásù baba ti dàpọ̀. Èrè òwò di ti ọmọ, ẹ̀sùn rẹ̀ di ti baba.

Dandeson nìkan ni ó tẹ̀lé ẹsẹ̀ baba rẹ̀ wọ iṣẹ́ Ọlọ́run. Ní 1870 baba fi ọwọ́ lé ọmọ lórí, ó sọ ọ́ di díákónì. Ní 1871 ó rán an lọ sí Bonny. Nígbà tó di 1876, ó gbé e dé ipò Archdeacon ti ìsàlẹ̀ Odò Ọya, èyí tí í ṣe igbá-kejì bíṣọ́ọ̀bù ní agbègbè náà. Ẹ wo ìnira tó wà níbẹ̀. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá yin Archdeacon rẹ̀, wọn yóò ní baba ń gbe ọmọ. Bí ó bá sì bá a wí ní gbangba, ìtìjú ọmọ náà ni ìtìjú tirẹ̀. Ní ilé lásán, baba lè bínú ní àárọ̀ kí ó sì pe ọmọ wá jẹun ní alẹ́. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, inú ìwé ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń wọ̀, ìwé náà sì ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Venn kú ní 1873, àwọn tó rọ́pò rẹ̀ kò sì fi ojú kan náà wo àwọn òṣìṣẹ́ dúdú. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó dé sí Odò Ọya pẹ̀lú ìtara, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwà olúkúlùkù wò. Wọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù rọ̀ jù, kò mọ ìbáwí í ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní Onitsha, ìgbìmọ̀ ìṣúná jókòó. Crowther, tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún, ni ó wà ní àga alága. Níwájú rẹ̀ ni akọ̀wé, F. N. Eden, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kéde pé a dá àlùfáà yìí dúró, a dá tọ̀hún dúró, láìbèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdájọ́ náà kan Dandeson, ọmọ rẹ̀. Arúgbó náà bèèrè agbára tí akọ̀wé fi lè dá àlùfáà dúró lójú bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọn kò yí padà, ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

Àṣà wa kò fi àyè gba irú èyí. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, baba ni a ń mú ẹjọ́ rẹ̀ wá bá. A kì í dá ọmọ lẹ́jọ́ lójú baba bí ẹni pé baba kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í tẹ́ baba lójú ọmọ. Ohun méjèèjì ni wọ́n ṣe ní ìjókòó kan. Ẹgbẹ́ tí baba náà fi orúkọ akọ̀wé rẹ̀ sọ ọmọ ni ó sì ṣe é.

Ẹlòmíràn ìbá bínú sí ọmọ, ìbá ní òun ni ó kó òun sí wàhálà ní ọjọ́ ogbó. Ọmọ pẹ̀lú ìbá dá baba lẹ́bi pé kò gba òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn méjèèjì ṣe ni pé wọ́n jókòó ti iṣẹ́. Ní oṣù díẹ̀ tó kù fún arúgbó náà láyé, ètò bí àwọn ìjọ Delta yóò ṣe máa bọ́ ara wọn, tí wọn yóò sì máa ṣe àkóso ara wọn, ni ó wà lọ́kàn òun àti Dandeson. Ètò náà kò ì tí ì parí nígbà tí ọlọ́jọ́ dé. Ní Èkó, ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther sùn. Òyìnbó ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀.

Nígbà náà ni Dandeson sin baba rẹ̀ ní ọ̀nà tí posí kò lè gbà sin ín. Ní 1892, ó ṣáájú àwọn ìjọ Delta láti kéde pé àwọn kò sí lábẹ́ àṣẹ C.M.S. mọ́. Wọn kò fi Ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí wọ́n máa fi ọmọdé jọba lórí àgbà. Owó wọn ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn àlùfáà wọn. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, ìlàjà dé, ṣùgbọ́n ìjọ náà kò wó. Dandeson wà láyé títí di 1938, ó fi bí ọdún 47 gbẹ̀yìn baba rẹ̀.

A máa ń sọ pé ogún ni ọmọ ń jẹ lẹ́yìn baba. Ilé àti ilẹ̀ nìkan kọ́ ni ogún. Iṣẹ́ tí baba kò ṣe tán náà jẹ́ ogún, àbùkù tí wọ́n fi kan baba náà jẹ́ ogún, ọmọ tó gbọ́n ni í mọ bí a ti í gbé e. Crowther kò ní baba tí yóò sin. Ogun ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òṣogùn. Ó ní ọmọ tó sin ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin baba tí ẹ ń mú ọmọ yín lọ sí Bàríga, ẹ máa bá wọn wí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí àjèjì bá yín wí wọn. Ẹ̀yin ọmọ, bí ojú baba yín bá le, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó ń tún ọrùn ẹ̀wù yín ṣe ni ẹ óò padà wá dì mú ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.