Jacob Kẹ́hìndé Coker, Àgbẹ̀ Ìfàkò

Ẹni tí ó bá gba Oko Ọba kọjá lónìí ní ìhà Agége, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni igbe màlúù àti ariwo àwọn alápatà, nítorí ibẹ̀ ni ilé ìpẹran ńlá wà. Ilé fara kan ilé, ọkọ̀ ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àtirí igi tí ènìyàn lè sá sí abẹ́ rẹ̀ nígbà oòrùn sì di iṣẹ́. Síbẹ̀ orúkọ àdúgbò náà kò jẹ́ kí a gbàgbé ohun tí ó wà níbẹ̀ rí. Oko ni Oko Ọba. Oko ni Agége. Oko ni Ìfàkò tí kò jìnnà sí i. Láti nǹkan bí ọdún 1880 títí dé ọdún 1920, ìhà yìí ni a ti ń gbin kòkó jù ní gbogbo àyíká Èkó, àti pé kí kòkó tó sọ àwọn ará Oǹdó àti Ìbàdàn di olówó, ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ìhà Agége ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́ bí a ti ń gbìn ín. Nínú àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Jacob Kẹ́hìndé Coker.

Ọdún 1866 ni a bí i. Ẹ̀gbá ni, ìjòyè sì ni bàbá rẹ̀ ní Ìgbẹ̀ìn. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ìbejì ni, òun ni ó sì dé ilé ayé gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ni ó rán Táíwò ṣáájú pé kí ó lọ tọ́ ayé wò bí ó bá dùn. Nínú ọ̀rọ̀ kòkó pàápàá, ẹnìkan ṣe Táíwò fún un. Ẹni náà ni James Pinson Labulo Davies, atukọ̀ òkun àti oníṣòwò ńlá ní Èkó. Òwò Davies bàjẹ́ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1870, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àwọn olówó rẹ̀ kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1880, ó lọ dá oko sí Ìjọ̀n ní ìhà Agége, ó sì gbin kòkó síbẹ̀. Ẹni tí ayé rò pé ó ti tán ni ó fi ọ̀nà tuntun han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú Èkó nílò ọ̀nà tuntun nígbà náà. Iye tí a ń ta epo àti èkùrọ́ ní ìlú òyìnbó ń wálẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì ń gba òwò mọ́ wọn lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sí Èkó, wọ́n ń retí kí ìgbà àtijọ́ padà dé. Lójú wọn, kò yẹ kí ẹni tí ó mọ ìwé, tí ó ń wọ kóòtù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tún lọ máa gbé inú igbó. Coker kò fi ti ojú ayé ṣe. Ó mú ọ̀nà Ìfàkò pọ̀n, ó sì fi ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ilé.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ irú ohun tí ó dáwọ́ lé. Kòkó kì í ṣe àgbàdo tí a gbìn nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí a sì ń jẹ kí òjò tó dá. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín yóò ṣán igbó, yóò fi àwọn igi ńlá kan sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣíji bo ilẹ̀, yóò sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sí àárín rẹ̀ kí oòrùn má baà pa àwọn igi kékeré náà. (Kí ẹni tí ń kàwé yìí sì ṣọ́ àmì ohùn: ohun kan ni kókò tí a ń sè jẹ, ohun mìíràn ni kòkó tí a ń tà.) Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni àgbẹ̀ náà yóò fi máa roko, tí yóò máa sanwó fún àwọn alágbàṣe, kí igi tó so èso tí ó ní láárí. Lẹ́yìn èyí, yóò já èso tí ó pọ́n, yóò fọ́ ọ, yóò kó wóró inú rẹ̀ jọ, yóò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà títí yóò fi kan tí omi ara rẹ̀ yóò sì ro, kí ó tó wá sá a sí oòrùn. Bí òjò bá pọ̀ jù, èso a dúdú, a sì jẹrà lórí igi. Ẹni tí kò bá ní ìgbàgbọ́ nínú ọ̀la kò ní gbin irú igi bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ ti Coker kì í ṣe ti ẹni tí ó káwọ́ gbera tí ó ń retí ohun tí yóò já bọ́ láti ọ̀run. Ìgbàgbọ́ ẹni tí ó ní àdá lọ́wọ́ ni.

Bí ó ti ń ṣe èyí lóko, ó jẹ́ ẹni pàtàkì ní ṣọ́ọ̀ṣì Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Breadfruit, ní Èkó, níbi tí ó ti jẹ́ wọ́dìn ìjọ. Àlùfáà ibẹ̀ fún bí ogún ọdún ni James Johnson, ẹni tí ìwà rẹ̀ mú kí àwọn ènìyàn máa fi orúkọ Ẹni Mímọ́ pè é. Ní ọdún 1900 a fi Johnson jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù, a sì fi iṣẹ́ ìhà ẹnu odò Ọya lé e lọ́wọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell, tí í ṣe òyìnbó, ní kí ó jáde kúrò nínú ilé àlùfáà ní Breadfruit. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n inú àwọn ọmọ ìjọ ti ń bàjẹ́ tipẹ́. Wọn kò gbàgbé bí a ti fojú tín-ín-rín Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kí ó tó kú ní ọdún 1891, wọn kò sì gbàgbé pé òyìnbó ni a fi sí ipò rẹ̀. Bí wọ́n ti rí ohun tí a ṣe sí Johnson, wọ́n ní àmúmọ́ra ti tó. Ní oṣù October ọdún 1901, ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde kúrò ní Breadfruit, Coker sì wà ní iwájú wọn.

Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ jáde dúró sínú ìjọ tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọdún 1917. Ká ní ẹlòmíràn ni Coker, ojú ìbá tì í, ìbá sì wá bí yóò ti padà ní jẹ́jẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní bíṣọ́ọ̀bù, wọn kò ní ilé ìsìn tí ó jẹ́ tiwọn, wọn kò sì ní ẹgbẹ́ kankan ní London tí yóò fi owó ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n sọ ìjọ tuntun náà ní Bẹ́tẹ́lì, èyí ni pé ilé Ọlọ́run, ibẹ̀ ni ìjọ African Church sì ti ṣẹ̀. Wọ́n ní kò dìgbà tí ènìyàn bá di òyìnbó kí ó tó lè sin Kristi. Wọ́n gba ẹni tí ó ní ju aya kan lọ sínú ìjọ, ọ̀rọ̀ tí ó dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn onígbàgbọ́ ìgbà náà, tí kò sì tíì tán nílẹ̀ pátápátá.

Níbi yìí ni oko àti ìjọ ti di ohun kan náà fún un. Ìjọ tí kò rí owó gbà láti òkè òkun gbọ́dọ̀ jẹ nínú òógùn àwọn ọmọ rẹ̀, owó kòkó sì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí Coker ní. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní ọdún 1896 ti gba Agége kọjá, ó sì ti dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 yìí kan náà, nítorí náà kíkó kòkó dé èbúté kò nira bí ti àtijọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olóko Agége ni ó jẹ́ ọmọ African Church. Ní ọdún 1907 wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀, wọ́n sì fi Coker ṣe olórí. Nínú ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ti ń gbìmọ̀ lórí bí wọn yóò ti ta ọjà wọn kí àwọn tí ń rà á má baà rẹ́ wọn jẹ, àti lórí ọ̀rọ̀ àwọn lébìrà.

Ọ̀rọ̀ àwọn lébìrà yìí tó ohun tí a ń dúró sọ. Láti Oǹdó, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń wá gba iṣẹ́ ní Agége. Wọ́n ń ṣán igbó, wọ́n ń já kòkó, wọ́n ń sá a. Ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n ń gbọ́ ìwàásù ní èdè Yorùbá. Nígbà tí àkókò wọn bá pé, wọ́n a gba owó wọn, wọ́n a di ẹrù wọn, ọ̀pọ̀ a sì fi èso kòkó sínú ẹrù náà. Olóko mìíràn ìbá fi ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ pamọ́ kí ẹlòmíràn má baà bá a du ọjà. Coker kò fi í pamọ́. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá rin ìrìn àjò nítorí iṣẹ́ ìjọ, bí ó ti ń sọ ti ìhìnrere ni ó ń sọ ti kòkó. Àwọn kan lè sọ pé kò yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ owó dé ibi ìwàásù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ogun ọlọ́dún gbọọrọ tí ó run ilẹ̀ Yorùbá ni. Wọ́n ní ọwọ́, wọ́n ní ilẹ̀, ohun tí wọn yóò fi wọ́n ṣe ni wọ́n ń wá. Bí ìjọ náà ti ń tàn dé ìlú mìíràn ni kòkó ń bá a dé ibẹ̀.

Kò yẹ kí a pa ìyókù mọ́. Nígbà tí ogun ńlá tí a jà láti ọdún 1914 sí 1918 parí, owó kòkó fò sókè débi tí ẹnikẹ́ni kò rí i rí. Àwọn ènìyàn yá owó, wọ́n ra ọjà pamọ́, wọ́n fẹ oko. Ìparí ọdún 1920 kò tíì kọjá tí owó náà fi já lulẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1921, ọ̀pọ̀ oníṣòwò Èkó àti olóko Agége ti wọ gbèsè. Coker kò bọ́ níbẹ̀. Ẹni ọdún márùn-ún-lé-láàádọ́ta ni nígbà náà. Ó mọ ilẹ̀, ó mọ igi, ó mọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n iye tí a ń ra kòkó kì í ṣe ohun tí a ń dá ní Ìfàkò, ó sì lè jẹ́ pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbára lé igi kan ṣoṣo jù. Ilẹ̀ Agége pàápàá ti ń rẹ̀, nítorí kò lọ́ràá tó ilẹ̀ igbó Oǹdó. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sí obì gbànja, èyí tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé lọ sí ilẹ̀ Hausa, àwọn oníṣòwò Hausa sì wá tẹ̀dó sí Agége nítorí rẹ̀. Ògo kòkó kò padà sí Agége mọ́.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Coker tún lò láyé lẹ́yìn èyí. Kò fi ìjọ sílẹ̀ nítorí pé owó lọ. Ìjà wà nínú ìjọ náà nígbà mìíràn, àwọn kan sì yapa, nítorí àwọn tí ó ti jáde nínú ìjọ kan nítorí òmìnira kì í gba àṣẹ pẹ̀lú ìrọ̀rùn nínú òmíràn. Coker wà láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí Bàbá Ìjọ. Nígbà tí ó ní owó, ó ná an fún wọn. Nígbà tí owó dín, ara rẹ̀ àti ìmọ̀ràn rẹ̀ ni ó ń ná. Ó kú ní ọdún 1945.

Ìjọ African Church ṣì wà ní Ìfàkò, wọ́n sì ní ilé-ìwé níbẹ̀. Ilé ti bo ilẹ̀ oko láti ibẹ̀ dé Oko Ọba. Ọmọ Agége tí ó bá fẹ́ rí igi kòkó lónìí yóò wọ ọkọ̀ lọ sí ìhà Oǹdó, níbi tí àwọn lébìrà ìgbà náà gbé e lọ nínú ẹrù wọn.