Papwa Sewgolum: Ọmọ Agbápò Tó Gba Ife Ẹ̀yẹ Nínú Òjò

Ìtàn ọkùnrin kan tó ti kú láti ọdún 1978 ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀.

Steilshoop ni mò ń gbé, nínú àwọn ilé gíga tí wọ́n kọ́ yípo bí agbo. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé bọ́ọ̀sì la fi ń jáde, ọ̀pọ̀ ọdún la sì fi retí reluwé abẹ́ ilẹ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀ níbẹ̀. Ta ló ń ronú gọ́ọ̀fù? Àfi bí àbíkẹ́yìn mi obìnrin ṣe ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, tó ní òun fẹ́ kọ́ gọ́ọ̀fù, àti pé bàbá òun gbọ́dọ̀ bá òun lọ.

Mo ti lé ní ọmọ 50 ọdún. Mo ní kí ló wá le nínú kéèyàn fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù tó dúró sójú kan? Ẹ gbà mí o! Bọ́ọ̀lù yẹn kò sá, kò sẹ́ni tó ń bá mi dù ú, síbẹ̀ mo gbé ọ̀pá sókè, mo fi gbogbo agbára sọ̀ ọ́ kalẹ̀, koríko ni mo gé. Mo tún un ṣe, afẹ́fẹ́ ni mo gbá. Ọmọdé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń gbá tiẹ̀ lọ réré. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọwọ́ mi ni àwọn kan ń wò. Bí mo ṣe máa ń di ọkọ́ mú lóko bàbá mi ni mo ṣe di ọ̀pá náà mú, ọwọ́ òsì nísàlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún lókè. Nínú gọ́ọ̀fù, òdìkejì ni ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún máa ń ṣe. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nínú bọ́ọ̀sì, bá a ṣe ń padà sílé, mo sọ fún ọmọ mi pé mi ò lọ mọ́, pé eré àwọn olówó ni, kì í ṣe tiwa. Kò fèsì. Ojú fèrèsé ló ń wò títí a fi délé. Mi ò rí oorun sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Aládùúgbò wa kan, ará Gúúsù Áfíríkà tí àwọn baba ńlá rẹ̀ wá láti Íńdíà, ló gbọ́ ẹjọ́ mi tó bi mí bóyá mo mọ Papwa. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó sọ díẹ̀ fún mi, mo lọ ka ìyókù fúnra mi.

Sewsunker Sewgolum ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n Papwa ni gbogbo ayé ń pè é. Ìlú Durban, létí òkun, ni wọ́n bí i sí nígbà tí àwọn ọdún 1920 ń lọ sópin. Ìran àwọn ará Íńdíà tí wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké ló pọ̀ níbẹ̀. Òtòṣì ni wọ́n nílé wọn. Papwa kò mọ̀wé kà, kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Láti kékeré ló ti ń gbé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù kiri fún àwọn òyìnbó ní pápá Beachwood. Kò lówó ọ̀pá gidi, igi ló gé, ló ń fi gbá bọ́ọ̀lù. Kò ní tíṣà kankan, ojú ló fi kọ́ ọ. Ó ń wo bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń gbá a, bí wọ́n ṣe ń bínú, bí bọ́ọ̀lù ṣe ń bọ́ sínú igbó, yóò wá lọ dán tiẹ̀ wò. Nítorí pé kò sẹ́ni tó tọ́ ọ sọ́nà, ọwọ́ òsì ló fi sísàlẹ̀, ó fi ọ̀tún sókè. Bíi tèmi gẹ́lẹ́! Ẹ ò rí i pé orí mi wú nígbà tí mo kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àwọn kan ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé oògùn wà nínú dídì tó di ọ̀pá mú lódì. Kò sí oògùn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ agbápò ni, kò sẹ́ni tó ń retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dúró de ìgbà tí wọ́n máa sọ pé gọ́ọ̀fù tọ́ sí i. Èmi, ọjọ́ kan péré ni mo lò tí mo fi fẹ́ sá.

Ọ̀kan nínú àwọn tí Papwa ń gbé àpò fún ni Graham Wulff, onímọ̀ kẹ́míkà tó ṣe Oil of Olay. Bẹ́ẹ̀ ni o, ìpara tí àwọn ìyá wa fi ń pa ojú yẹn! Wulff rí i pé ọmọ yìí mọ̀ ọ́n gbá, ó sì fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré tirẹ̀ gbé e wá sí Yúróòpù lọ́dún 1959. Lọ́dún yẹn náà ni Papwa gba ife ẹ̀yẹ ìdíje ńlá ti Họ́láńdì, itòsí wa níbí. Ó tún gbà á lọ́dún 1960, ó tún gbà á lọ́dún 1964. Ẹ ronú ọkùnrin tí kò lè ka pátákó ojú ọ̀nà, tó dé ilẹ̀ òtútù, tí gbogbo èèyàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ìran. Ó kàn ń gbá bọ́ọ̀lù tó wà níwájú rẹ̀ ni.

Nílé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní January 1963, wọ́n gbà kó bá àwọn òyìnbó díje nínú Natal Open ní Durban Country Club. Ó na gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò gbà kó wọ inú ilé kiláàbù. Òjò ń rọ̀. Àwọn òyìnbó wà nínú ilé, ìta nínú òjò ni wọ́n ti gbé ife ẹ̀yẹ fún ẹni tó borí. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò náà sì lọ káàkiri ayé, àwọn tó ń jà kí wọ́n má ṣe bá Gúúsù Áfíríkà ṣeré ìdárayá mọ́ sì rí ohun fi hàn aráyé.

Lọ́dún 1965, ó padà wá síbi ìdíje yẹn kan náà, ó tún gbà á. Gary Player wà lára àwọn tó nà lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tí mò ń wí yìí ti gba mẹ́ta nínú ìdíje mẹ́rin tó ga jù láyé, ó sì gba ẹ̀kẹrin ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn kan náà. Ọmọ agbápò ló nà án! Ìjọba kò lè gbé e mì. Wọ́n fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ bá òyìnbó díje mọ́, wọ́n sì gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kó má bàa lè jáde. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni wọ́n já gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì lágbára. Ó kú lọ́dún 1978, kò tíì pé ọmọ 50 ọdún, kò sì lówó lọ́wọ́. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá gọ́ọ̀fù kan ní Durban. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn tí mo bá dé ibi tí ìtàn yìí parí sí.

Jámánì níbí náà, Bernhard Langer, tó bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ agbápò, gba Masters ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1985. Tí bọ́ọ̀lù bá ti sún mọ́ ihò nígbà yẹn, ọwọ́ òsì lòun náà máa ń fi sísàlẹ̀. Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Mo padà lọ ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Tíṣà ní kí n yí ọwọ́ mi padà, mo sì yí i. Mi ò ní ọ̀pọ̀ ọdún tí Papwa ní níwájú, kò sì sí ìdí tí màá fi bá ẹni tó fẹ́ kọ́ mi jiyàn. Ohun tí mo jáwọ́ nínú rẹ̀ ni kí n máa ka bọ́ọ̀lù ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Garawa kan ni mò ń rà, mò ń gbá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá bàjẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Tí ara mi bá ti ń gbóná, mo máa ń gbé ọ̀pá kalẹ̀, màá mu omi díẹ̀, màá sì wo ibi tí ọmọ mi ti ń gbá tiẹ̀.

Òun ti yege nínú ìdánwò Platzreife, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ kiláàbù níbí máa ń béèrè kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn wọ pápá. Èmi kò tíì yege. Ó ti sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí mo bá lọ ṣe tèmi, òun ló máa gbé àpò mi.