Sorolla: Ayàwòrán tó mọ iyì ibòji

Ẹ̀yin èèyàn wa lẹ́yìn odi, ẹni tí oòrùn ọ̀sán bá ti pa rí ló mọ iyì ibòji. Ìdí nìyí tá a fi mú ìtàn Joaquín Sorolla wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí.

Ìlú Valencia, létí òkun ilẹ̀ Sípéènì, ni wọ́n ti bí i ní 1863. Ọmọ ọdún 2 péré ni nígbà tí àrùn onígbáméjì pa bàbá àti ìyá rẹ̀. Àǹtí rẹ̀ kan àti ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe àgádágodo ló gba òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tọ́. Lọ́sàn-án, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Lálẹ́, ó ń lọ kọ́ àwòrán yíyà.

Ní 1890, òun àti Clotilde ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí Madrid, olú-ìlú wọn. Ibẹ̀ ló ti là, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ilé. Gbogbo ìgbà ló ń padà sétíkun Valencia lọ yàwòrán nínú oòrùn gangan.

Ẹ wo èyí tó yà ní 1896, *Cosiendo la vela*, ìyẹn rírán ìgbòkun. Àwọn obìnrin wà lábẹ́ ibòji ewéko, wọ́n ń rán ìgbòkun funfun ńlá kan. Oòrùn ń gba àárín ewé yọ, ó ń ta tótòtó sára aṣọ. Àmọ́ ibòji yẹn ò dúdú o! Àwọ̀ aró àti àlùkò ló wà níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ṣì ń wọ inú ibòji. Ayàwòrán tó bá fi dúdú kùn ún ti pa oòrùn náà nìyẹn.

Ní 1911, ó gba iṣẹ́ ńlá kan fún Hispanic Society ní New York: kó ya àwọn èèyàn ẹkùn-ẹkùn ilẹ̀ Sípéènì. Ó rìn káàkiri títí di 1919 kó tó parí àwòrán 14. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú níbi tó ti ń yàwòrán nínú ọgbà rẹ̀. Ó kú ní August 10, 1923, lẹ́ni ọdún 60. Ọdún 1926 ni wọ́n tó gbé àwọn àwòrán náà kọ́. Kò fojú rí i.

Ilé rẹ̀ ní Madrid di mùsíọ́mù ní 1932, ṣùgbọ́n Valencia ni wọ́n sin ín sí. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi iṣẹ́ lónìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ gba ẹ̀mí yín. Ẹ máa rántí bọ́ sí ibòji.