ÌYÁ TÍ KÒ BÍMỌ, TÍ Ó DI ÌYÁ ỌLỌ́MỌ PÚPỌ̀: Ìrántí Ìyá Anna Hinderer (1827–1870)

Bí a bá ń ṣe àjọ̀dún ìjọ wa ní Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì, ó yẹ ká ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ẹnì kan tó ti sùn nínú Olúwa, kí àwọn ọmọ wa lè mọ ipasẹ̀ àwọn tó ṣáájú. Lọ́dún yìí, ìyá kan ni a mú. Kì í ṣe ọmọ Ìmẹ̀sí, kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Yorùbá, kò sì wọ aṣọ funfun aládùúrà rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á dé ìparí, ẹ ó mọ ìdí tí a fi mú un.

ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1827 ni wọ́n bí Anna Martin ní Hempnall, ní agbègbè Norfolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí ẹni tó mọ bí ilé ti ń rí láìsí ìyá ni Ọlọ́run fẹ́ lò. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó lọ ń gbé ní Lowestoft, ìlú àwọn apẹja létí òkun. Níbẹ̀ ni Àlùfáà Francis Cunningham àti aya rẹ̀ ti fà á mọ́ra bí ọmọ, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Kì í ṣe ọmọ àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ló ń kọ́. Àwọn ọmọ alákìísà tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, àwọn gan-an ló kó jọ. Láti kékeré ló ti wà lọ́kàn rẹ̀ pé òun yóò di míṣọ́nárì.

Ó DÉ ÌBÀDÀN

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1852, ó fẹ́ Àlùfáà David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán sí ilẹ̀ wa, ẹni tó ti kọ́kọ́ wá wo Ìbàdàn ní 1851. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n dé Èkó ní oṣù Kìíní 1853, wọ́n gba Abẹ́òkúta kọjá, ibà sì fojú wọn rí màbo lọ́nà. Nínú ọdún kan náà ni wọ́n wọ Ìbàdàn. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé àti ilé ìsìn sí Kúdẹtì.

Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn nígbà náà. Ọmọkùnrin tó bá gbóná lójú ogun ni wọ́n ń yìn. Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ òbí pé ìwé yóò sọ ọmọ wọn di ojo. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Olúnlọ́yọ̀ọ́ ló gbójú gbóyà, tó fa ọmọ méjì lé ìyá òyìnbó yìí lọ́wọ́: ọmọkùnrin kan, Akínyẹlé, àti ọmọbìnrin kan, Yéjídé. Ẹ ò rí i bí nǹkan ńlá ti ń bẹ̀rẹ̀? Ọmọ méjì péré láti ilé ìjòyè, àwọn mìíràn sì ń tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀.

ỌMỌ Ọ̀PỌ̀LỌPỌ̀ ÈÈYÀN, ÌYÁ KAN

Anna Hinderer kò bímọ kankan. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tí èyí jẹ́ nílẹ̀ wa. Obìnrin tó délé ọkọ, tí ọdún ń gorí ọdún, tí kò gbọ́ igbe ọmọ, ẹnu ayé kì í jẹ́ kó sinmi. Àmọ́ Ìyá ni àwọn ọmọ Kúdẹtì ń pè é. Àwọn kan ń ti ilé wọn wá, àwọn mìíràn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń kọ́ wọn ní ìwé àti abẹ́rẹ́, ó ń kọ́ wọn ní orin àti àdúrà, ó ń tọ́jú wọn bí ara wọn ò bá yá. Òun náà jókòó kọ́ èdè Yorùbá, kó lè bá wọn sọ̀rọ̀ bí ìyá ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ògúnyọmí. Ogun ló kó o wá, àwọn Hinderer ló rà á padà lóko ẹrú. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tí òun náà jẹ́ ẹrú nínú ìlú rí ọmọ yìí, ó sì mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ ni! Ogun ti yà wọ́n, kò sì ní ìrètí pé òun tún lè fojú kàn án. Anna kò fi ọmọ náà dù ú. Nígbà tó yá, ìyá náà wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ọmọ àti ìyá padà wà lábẹ́ òrùlé kan.

Àwa ọmọ Èkìtì kò lè ka ìtàn yìí kí omi má bọ́ lójú wa. Mélòó nínú àwọn ìyá ìyá wa ni wọ́n kó lọ sí Ìbàdàn bẹ́ẹ̀, tí wọn kò rí ọmọ wọn mọ́!

ỌDÚN MÁRÙN-ÚN NÍNÚ OGUN

Ní 1860, ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà. Oúnjẹ, owó, àti lẹ́tà láti ilé, gbogbo rẹ̀ ṣòro. Ìyá Hinderer àti ọkọ rẹ̀ ń ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan fi sẹ́nu, ẹ̀wà àti epo ni àwọn fúnra wọn ń jẹ. Àìsàn kò fi í sílẹ̀, síbẹ̀ kò pa àwọn ọmọ tì. Ní oṣù Kẹrin 1865 ni Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán Ọ̀gágun Maxwell láti la igbó wá gbé e jáde. Ọkọ rẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀ láti ṣètò iṣẹ́ kó tó tẹ̀ lé e.

Bí ara rẹ̀ ti le díẹ̀ nílé, kí ló ṣe? Ó tún padà wá! Ní 1869 ni ara kọ̀ pátápátá, wọ́n sì dágbére fún Ìbàdàn. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1870 ni ó sùn ní Norfolk. Ẹni ọdún 43 ni.

ÈSO IṢẸ́ RẸ̀

Daniel Olúbi, tó kọ́kọ́ wá bá wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, ni iṣẹ́ Ìbàdàn bọ́ sí lọ́wọ́. Wọ́n fi joyè díákónì ní 1871, ó sì di olùṣọ́-àgùntàn tí gbogbo ìlú bọ̀wọ̀ fún títí ó fi kú ní 1912. Àlùfáà Hinderer tún padà wá lẹ́yìn ikú aya rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oǹdó ní 1875. Láti Oǹdó yìí ni Charles Phillips, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ti na ọwọ́ Ìhìnrere dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà Kírìjí ní 1886, àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun ti kó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé, àwọn kan pẹ̀lú Bíbélì lápá. Àwọn ará Ìsẹ̀ kò gbàgbé Babamboni, ọmọ wọn tí ó tojú oko ẹrú mú ìgbàgbọ́ padà wálé. Nítorí náà, nígbà tí Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní 1930, tí iná àdúrà ràn kálẹ̀ ní Èkìtì, ó bá àwọn tó ti mọ Ìwé náà kà. Ẹ̀mí Mímọ́ ló dá iná náà, àmọ́ àwọn kan ti ṣa igi jọ ṣáájú.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ará, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ìjọ aládùúrà ni wá. À ń tọrọ ọmọ fún àwọn tó ń wá ọmọ, Ọlọ́run sì ń gbọ́, a ò sì ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n a ti ṣẹ àwọn arábìnrin kan nínú wa. A máa ń fi orúkọ ọmọ pe ìyá, tí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní, ẹnu wa a wọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ àwọn ìyá, a máa ń fi í sílẹ̀ lórí ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ló ń kọ́ ọmọ wa ní orin, òun ló ń gba ọmọ tiwa pọ̀n nígbà tí a wà nínú ẹ̀mí. Bí a bá pe Anna Hinderer ní Ìyá, kí ló dé tí a ò lè pe èyí tó wà lọ́dọ̀ wa bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kejì kan ẹ̀yin tí ẹ ti bí. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kíláàsì àwọn ọmọdé ń wá olùkọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di pé ọmọ ọlọ́mọ nìkan ni ẹlòmíràn ń ràn lọ́wọ́, tí òbí tirẹ̀ ń wò.

Kí Olúwa fi ọmọ aláàyè dá àwọn tó ń wá a lóhùn. Kí ó sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa wà láyé láìjẹ́ ìyá tàbí bàbá fún ọmọ kan, ìbáà jẹ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ẹlòmíràn. Àmín, àṣẹ.