Ìgbà Èwe Olóògbé Fẹlá Ṣówándé, Atẹdùrù

Inú ilé àlùfáà ni a bí Fẹlá Ṣówándé sí ní ọdún 1905. Amẹ́ríkà ni ó kú sí ní 1987. Ó jẹ́ ọmọdé akọrin ní Kàtídírà Kristi, Èkó, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni T. K. E. Phillips ti kọ́ ọ ní dùrù. Ní 1934 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá ṣíṣe, ṣùgbọ́n orin jáàsì ni ó ń lù jẹun níbẹ̀. Bí àwọn kan nínú wa bá fajú ro sí ilé ijó, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ebi àjò kò mọ ọmọ àlùfáà. Ní 1943 ó gba F.R.C.O., oyè gíga àwọn atẹdùrù. Nígbà Ogun Hitila, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe olórí orin ní ilé iṣẹ́ tí ń ṣe sinimá fún ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú àwọn orin ìbílẹ̀ tí ó ṣà jọ nígbà náà ni ó ti ṣe orin dùrù lẹ́yìn èyí.