Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt: Nọ́ọ̀sì tí kò fi owó ra ọlá

Ní Bantè, ẹni tí ó fẹ́ ra kajú kì í fi ojú lásán ra àpò kan. Ó máa ń mú díẹ̀ nínú rẹ̀, a là á sí méjì, a sì wo inú rẹ̀. Èyí tí ó ti bàjẹ́ yóò hàn. Ní ọjà Savalou, ẹni tí ó fẹ́ ra iṣu yóò gbé e lọ́wọ́, yóò tẹ̀ ẹ́ wò, yóò wo orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá kan bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná dé ilé ìwòsàn ní òru, kò sí bí ó ṣe lè wo inú nọ́ọ̀sì. Aṣọ funfun ni ó rí. Abẹ́rẹ́ ni ó rí. Kò lè mọ̀ bóyá ẹni náà mọ ìwọ̀n oògùn tí ó tọ́ sí ọmọ ọdún kan. Ẹlòmíràn ni ó gbọ́dọ̀ ti dán nọ́ọ̀sì náà wò kí ìyá yìí tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ta ni ń dán nọ́ọ̀sì wò? Ta sì ni ń dán ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ nọ́ọ̀sì wò? Ìtàn ayé Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt yóò jẹ́ kí a mọ ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì.

Ọmọ Èkó

Ní ọdún 1915 ni a bí Kòfowórọlá ní ìlú Èkó, ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Scott ni orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni pé kò fi owó ra ọlá. Ọlá tí ó bá wá, iṣẹ́ àti ìwà ni ó mú un wá, kì í ṣe owó. Orúkọ náà bá ìgbésí ayé rẹ̀ mu, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i.

Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ infirmier ní èdè Faransé. Bàbá rẹ̀ kò fi ọwọ́ sí i. Ní ayé ìjọba òyìnbó, ọwọ́ àwọn obìnrin òyìnbó ni ipò gíga inú iṣẹ́ náà wà ní ilé ìwòsàn ńlá. Ọmọ ilẹ̀ lè gbá yàrá, ó lè fọ ọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò lè retí láti di olórí. Kòfowórọlá gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì padà wá ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ CMS ní Èkó.

Ní ọdún 1941, ó fẹ́ ọ̀gbẹ́ni Pratt, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípo oògùn. Ọkọ rẹ̀ tún fẹ́ di oníṣègùn, ó sì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ọ. Ní ọdún 1946, Kòfowórọlá lọ bá a níbẹ̀. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni iṣẹ́ tí ó ti ń wù ú láti ìgbà èwe ti padà bọ̀ sí i lọ́kàn.

Olùkọ́ padà sí orí bẹ́ńṣì akẹ́kọ̀ọ́

Ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ó ti jẹ́ olùkọ́. Ó ti di ìyàwó ilé. Síbẹ̀, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin tí kò tó o lọ́jọ́ orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dàgbà kí ó tó mú ìwé lọ́wọ́ yóò mọ bí ìyẹn ti rí.

Ilé ìwòsàn St Thomas ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní ọdún 1860. Florence Nightingale ni obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú ogun Crimea, tí ó sì fi hàn pé ìmọ́tótó àti àkọsílẹ̀ tí ó péye lè gba ẹ̀mí là.

Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ yìí bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ń jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó kọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta ń jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò kọ́ ọ rárá, bí ó bá ti wọ aṣọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Aláìsàn kò lè mọ ìyàtọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ṣẹ́ jà fún òfin fún bí ọgbọ̀n ọdún kí òfin náà tó jáde ní ọdún 1919.

Òfin náà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta pàtàkì ni ìgbìmọ̀ náà ń ṣe. Èkínní, ó ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò. Ilé ìwòsàn tí kò ní aláìsàn tó, tí kò ní olùkọ́ tó, tàbí tí kò ní ohun èlò, kò lè gba àṣẹ láti kọ́ nọ́ọ̀sì. Èkejì, ó ń ṣe ìdánwò kan náà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, láìwo ibi tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́. Èkẹta, ó ń kọ orúkọ ẹni tí ó yege sínú ìwé ńlá kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì tí ìjọba mọ̀. Bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ bá sì hùwà tí kò yẹ, wọ́n lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Ìdánwò yìí ni Kòfowórọlá ṣe. Ìpele méjì ni ó ní. Ti àkọ́kọ́ dá lórí ara ènìyàn, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìmọ́tótó. Ti ìkẹyìn dá lórí àìsàn àti ìtọ́jú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ìdáhùn sórí ìwé, ó sì tún ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ níwájú àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀nà náà kò rọrùn. Aláìsàn òyìnbó kan kọ̀ pé òun kò fẹ́ kí ó fọwọ́ kan òun, nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Kò torí ìyẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó yege nínú ìdánwò méjèèjì, orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1950. Àwọ̀ dúdú kò dín máàkì rẹ̀ kù, kò sì fi kún un. Níwájú òṣùwọ̀n kan náà, ohun tí ó mọ̀ ni ó sọ̀rọ̀ fún un.

Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́rin. Ó tún kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí àti ọ̀nà tí a ń gbà darí yàrá àwọn aláìsàn.

Ìpadàbọ̀ sí ilé

Ní ọdún 1954, ó padà sí Nàìjíríà. Nígbà náà, wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UCH, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952. Òṣùwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé e kà. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti ní ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tirẹ̀ láti ọdún 1947, tí ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n yege sílẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí Kòfowórọlá kò yàtọ̀ sí ti àwọn òyìnbó tí wọ́n jẹ́ olórí níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn kan nínú wọn ti jáde ni òun náà ti jáde. Síbẹ̀, àṣà ayé ìjọba òyìnbó kò tètè kúrò nílẹ̀, ipò gíga sì ṣì wà fún àwọn àlejò. Ó fi sùúrù ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó darí yàrá àwọn aláìsàn, ó sì ń gun àkàsọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 1960, Nàìjíríà gba òmìnira, bí Dàhòmì, tí í ṣe Benin òní, ṣe gbà á ní ọdún kan náà. Ní ọdún 1964, Kòfowórọlá Pratt di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ní UCH. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà.

Nọ́ọ̀sì wọ yunifásítì

Ìṣòro kan kù. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ń di nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ wọn? Ẹni tí ó bá fẹ́ di olùkọ́ nọ́ọ̀sì ní láti rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń yá olùkọ́ kò ní dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ní ọdún 1965, ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, Kòfowórọlá Pratt sì wà lára àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ní ìwé-ẹ̀rí tẹ́lẹ̀ lè wá gba oyè yunifásítì níbẹ̀, kí wọ́n sì padà lọ kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì fún gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó kópa nínú dídá ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì orílẹ̀-èdè rẹ̀ sílẹ̀ àti nínú títẹ ìwé ìròyìn wọn jáde. Ó di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì gbogbo àgbáyé. Ó tún jẹ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1973, Red Cross fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale. Ní àárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ó jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó. Nílé, wọ́n fi í jẹ oyè Ìyá Ilé Àgbo. Ní ọdún 1992 ni ó papòdà.

Ìwọ̀n gíga tàbí ìwọ̀n kékeré?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ní gbogbo ìlú tí nọ́ọ̀sì kò ti pọ̀. Wọ́n á ní nígbà tí abúlé kò ní ẹnìkan, kí ni ànfààní ìdánwò líle? Ẹni tí ó mọ díẹ̀ kò ha sàn ju òfo lọ? Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, nítorí ọ̀nà jìn láti oko dé ilé ìwòsàn, ikú kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó máa ń jìyà rẹ̀. Olówó tí kò gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ọ̀sì ìlú rẹ̀ yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Cotonou. Tálákà kò ní ibòmíràn. Bí a bá dín òṣùwọ̀n kù, ara tálákà ni àṣìṣe náà yóò ti hàn. Oògùn tí ó jẹ́ ìlọ́po méjì, ẹ̀jẹ̀ tí a kò tètè dá dúró lẹ́yìn ìbímọ, abẹ́rẹ́ tí kò mọ́: ohun kékeré ni wọ́n lójú ẹni tí kò mọ̀. Ìdí nìyí tí ìgbésí ayé Pratt fi ní ẹ̀kọ́ nínú. Kò sí ẹni tí ó sọ ìdánwò di kékeré kí ó lè wọlé. Nígbà tí ó sì dé ipò, iṣẹ́ tí ó ṣe ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ pọ̀ sí i nílé, kí ọ̀pọ̀ lè dé ìwọ̀n náà.

Ní Benin lónìí, ìbéèrè kan náà wà níwájú wa. INMES ní Cotonou àti ilé-ẹ̀kọ́ IFSIO ní Yunifásítì Parakou ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn BAC ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni náà wà, àwọn wọ̀nyí sì nílò àṣẹ ìjọba. Àjọ OOAS, tí ń bójú tó ètò ìlera ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ti ṣe ètò ẹ̀kọ́ kan fún àwọn orílẹ̀-èdè wa, kí nọ́ọ̀sì Benin àti nọ́ọ̀sì Nàìjíríà lè jọ wà lórí òṣùwọ̀n kan.

Nítorí náà, òbí tí ọmọ rẹ̀ ní Bantè tàbí Savalou fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ béèrè nǹkan mẹ́rin kí ó tó san owó. Ǹjẹ́ ìjọba fún ilé-ẹ̀kọ́ náà ní àṣẹ? Ǹjẹ́ ìjọba mọ ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń fúnni níbẹ̀? Ilé ìwòsàn wo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́? Àwọn wo ni olùkọ́ wọn? Kí òbí fi ojú ara rẹ̀ ka ìwé àṣẹ náà, tàbí kí ó mú ẹni tí ó lè kà á dání. Ẹni tí ó ti mọ̀wé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a fi ẹnu lásán tan òun jẹ.

Wọ́n lè ta ìwé-ẹ̀rí fún ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kò lè ta ìmọ̀ tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ fún un. Ní òru tí ìyá kan bá gbé ọmọ rẹ̀ dé, ìmọ̀ yẹn nìkan ni yóò wúlò. Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ kan ní Èkó ní ọdún 1915 ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀: kò fi owó ra ọlá.